Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ san gbogbo owó báálù, báwo ni mo ṣe máa kọ̀ ọ́?

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń fò tipẹ́, Houston ni mo wà, láìpẹ́ yìí ni mo gba láísẹ́ǹsì private pilot (ti ẹni tó ń wa báálù láìgbowó). Ẹ̀gbọ́n mi, ìyàwó wọn àti àbúrò mi fẹ́ kí n fi Cessna 172, báálù kékeré oníjókòó mẹ́rin, gbé wa lọ ìgbéyàwó ní Austin, ẹ̀gbọ́n ní àwọn á san gbogbo owó rẹ́ńtì àti epo, òfin FAA (àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọkọ̀ òfuurufú) ò sì gbà bẹ́ẹ̀, àwa mẹ́rin ni, ó kéré tán ìdá kan nínú mẹ́rin gbọ́dọ̀ ti àpò mi jáde. Mo ṣàlàyé, inú bí wọn. Báwo ni mo ṣe máa sọ ọ́ tí ò ní dà bí àrífín? Wéètì náà ń bà mí lẹ́rù, àgbàlagbà mẹ́rin pẹ̀lú ẹrù, ṣé kí n dín epo kù ni àbí kí ẹrù bá mọ́tò lọ?