Mọ́mì á pé 65: ṣé Medicare á gbà wọ́n?

Ọmọ Ẹ̀gbá, Indianapolis:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Mọ́mì mi á pé 65 ní January. Èmi ni mo kọ̀wé pè wọ́n wá, ọdún kẹta rèé tí wọ́n ti gba green card. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá wọn fínra, àpò mi sì ti ń jò. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ ní tí èèyàn bá ti pé 65 ní Amẹ́ríkà, ó parí, Medicare, inṣọ́ránsì ìlera ìjọba fún àwọn àgbàlagbà, á máa sanwó. Ṣé lóòótọ́ ni? Láti 2009 ni wọ́n ti ń yọ owó Medicare nínú owó oṣù mi. Ṣé wọn ò lè fi ìyẹn ka ti Mọ́mì ni?

Ìyá Ìbejì, Maryland:
Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹni yẹn ò parọ́, ìdajì ọ̀rọ̀ ló sọ. Ẹni tó mú green card dání, tí kò sì tíì ṣiṣẹ́ tó níbí, gbọ́dọ̀ ti gbé Amẹ́ríkà fún ọdún márùn-ún láìjá kó tó lè wọ Medicare. Ó ku ọdún méjì fún Mọ́mì. Owó tí wọ́n ń yọ lọ́wọ́ yín, tiyín ni. Wọn kì í fi iṣẹ́ ọmọ ka ti ìyá. Ti ọkọ ni wọ́n lè kà: bí Dádì bá ti ṣiṣẹ́ tó ọdún 10 níbí, tí wọ́n sì ti pé ọmọ ọdún 62, Mọ́mì lè gba ibẹ̀ wọlé.

Ọmọ Ẹ̀gbá, Indianapolis:
Dádì kẹ̀? Abẹ́òkúta ni wọ́n wà. Wọ́n ní òtútù Indiana kò sí lára ohun tí àwọn bá Ọlọ́run ṣàdéhùn.

Bọ̀dá Nọ́ọ̀sì, Dallas:
😂 Ẹ bá mi kí Dádì. Ọ̀rọ̀ owó wá ni mo fẹ́ sọ, torí ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé ọ̀fẹ́ ni. Apá A ló ń san owó bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, apá B ló ń san ti dókítà àti àyẹ̀wò. Ẹni tó ní kirẹ́díìtì iṣẹ́ 40, ìyẹn iṣẹ́ ọdún 10, kì í san kọ́bọ̀ lóṣooṣù fún A. Ẹni tí tirẹ̀ kò tó 30, bíi Mọ́mì, $565 lóṣù ni ní 2026. B jẹ́ $202.90. Ẹ pa á pọ̀, $767.90 lóṣooṣù, oògùn ò tíì sí níbẹ̀. Wọ́n lè gba B nìkan kí wọ́n fi A sílẹ̀, àmọ́ ẹ ronú dáadáa kí ẹ tó ṣe é: alẹ́ ọjọ́ kan ní ọsibítù Amẹ́ríkà lè jẹ owó ọkọ̀. Bí owó tó ń wọlé fún wọn bá kéré nígbà náà, ẹ béèrè nípa Medicare Savings Program ní ìpínlẹ̀ yín. Ó lè bá wọn san owó oṣooṣù náà.

Ọmọ Ẹ̀gbá, Indianapolis:
Ọdún méjì yìí ńkọ́?

Bọ̀dá Nọ́ọ̀sì, Dallas:
HealthCare.gov. Ẹni tó ní green card lè ra inṣọ́ránsì níbẹ̀ láìdúró ọdún márùn-ún. November 1 ni wọ́n ń ṣí i. Àmọ́ òfin yí padà ní 2026: ẹni tí owó rẹ̀ kéré sí iye tí ìjọba fi ń díwọ̀n òṣì, tí Medicaid, inṣọ́ránsì ìjọba fún ẹni tí owó rẹ̀ kéré, kò sì gbà á torí ìwé ìgbélùú, kò ní rí ìrànwọ́ mọ́ lórí owó oṣooṣù. Bí ẹ bá ń ka Mọ́mì mọ́ ara yín nígbà tí ẹ bá ń san owó orí, owó tiyín náà ni wọ́n máa wò. Ẹ ṣe ìṣirò yẹn kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì kankan. Ní ti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ ní kí dókítà kọ èyí tí kò ní orúkọ ilé iṣẹ́ lórí, owó rẹ̀ wálẹ̀ gan-an.

Àǹtí Brooklyn:
Ọ̀rọ̀ kan péré. Ẹ má jẹ́ kí Mọ́mì lọ jókòó pẹ́ sí Nàìjíríà, kí ọdún márùn-ún wọn má baà já. Ìyá ọkọ mi lọ sìnkú ẹ̀gbọ́n wọn, ìsìnkú di ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ di oṣù mẹ́sàn-án. Nígbà tí a wá fẹ́ forúkọ sílẹ̀, ìbéèrè lórí ìbéèrè ni: ìgbà wo ni wọ́n lọ, ìgbà wo ni wọ́n dé? Páásípọ́ọ̀tù àtijọ́ tó ní òǹtẹ̀, àwa fúnra wa la ti sọ ọ́ nù. Ẹ tọ́jú ti Mọ́mì. Ẹ tún rántí pé Medicare kì í sábà sanwó ìtọ́jú tí èèyàn bá gbà ní Nàìjíríà.

Bàbá Àgbà, Atlanta:
Ọmọ mi, ṣé January 1 ni ìwé ìyá rẹ sọ? Mo béèrè torí tèmi náà nìyẹn. Nígbà tí mo wọ ilé ìwé, ìwé ọjọ́ ìbí kọ́ ni wọ́n béèrè. Wọ́n ní kí n na ọwọ́ kọjá lórí atàrí, ó kan etí kejì, mo wọlé. Ìgbà tí mo fẹ́ ṣe páásípọ́ọ̀tù la tó lọ búra ní kóòtù, akọ̀wé sì fún mi ní January 1 bó ṣe fún ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ mi. Mo ṣiṣẹ́ ọdún 22 níbí, mo wá rò pé January ni Medicare mi á bẹ̀rẹ̀. Rárá o. Ẹni tí wọ́n bí ní ọjọ́ kìíní oṣù, oṣù tó ṣáájú ni tirẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. December 1 ni tèmi. Oṣù méje tí wọ́n fún èèyàn láti forúkọ sílẹ̀, September ló ti ṣí fún mi, ó sì parí ní òpin March.

Ọmọ Ẹ̀gbá, Indianapolis:
Ẹ ṣé gan-an, Bàbá. January 1 ni o! Àmọ́ Mọ́mì ní òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bí àwọn.

Bàbá Àgbà, Atlanta:
Òjò inú ọyẹ́! Má wulẹ̀ tún un ṣe. Ohun tó wà lórí green card, òun ni kó wà níbi gbogbo.

Ìyá Ìbejì, Maryland:
Ní ti Mọ́mì, ìgbà tí ọdún márùn-ún bá pé ni kẹ́ ẹ máa ṣọ́, kì í ṣe ọjọ́ ìbí. Ẹ pe Social Security, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ èèyàn sílẹ̀ fún Medicare, ní oṣù mẹ́ta ṣáájú. Ẹni tó bá fi àkókò rẹ̀ ṣòfò, wọ́n ń fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún kún owó B rẹ̀ fún oṣù 12 kọ̀ọ̀kan tó fi pẹ́, kì í sì í sábà kúrò níbẹ̀ mọ́. Gbogbo ìpínlẹ̀ ló ní agbaninímọ̀ràn lórí Medicare tí wọ́n ń pè ní SHIP, ọ̀fẹ́ ni, wọn kì í ta nǹkan. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ sanwó kí òun tó bá yín forúkọ sílẹ̀, ẹ sá fún un.

Ọmọ Ẹ̀gbá, Indianapolis:
Mo ti kà á fún Mọ́mì. Wọ́n ní kí n bi yín: bí àwọn bá lọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú ọmọdé, ṣé àwọn náà lè ní kirẹ́díìtì?

Bọ̀dá Nọ́ọ̀sì, Dallas:
Bẹ́ẹ̀ ni. Ní 2026, $1,890 kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá pa ni kirẹ́díìtì kan, mẹ́rin ni kì í kọjá lọ́dún. Bí wọ́n bá ní 30, owó A á já sí $311. Ọdún méje ààbọ̀ nìyẹn.

Ọmọ Ẹ̀gbá, Indianapolis:
Wọ́n ní kí n wá wọn ọ̀gá iṣẹ́ tí kò ní jẹ́ kí àwọn jáde nínú yìnyín.