Ọkọ̀ kékeré fún àwọn ọmọdé: rọ́bà ni ká lò ni, àbí jíà?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Tí ọlidé bá dé, a fẹ́ kó àwọn ọmọ àdúgbò wa ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn, jọ, àwọn ọmọ ọdún 8 sí 11, kí kálukú fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ọkọ̀ tó ń rìn. Mi ò fẹ́ kí wọ́n jókòó máa wòran àgbà.

Páálí ni ara ọkọ̀, ìdérí ìgò omi ni táyà, igi sùyà tí a kì bọnú sìtírọ́ọ̀ ló mú táyà méjèèjì dání. Mọ́tọ̀ tí a tú lára ohun ìṣeré tó ti bàjẹ́ ni mo so mọ́ táyà, pẹ̀lú bátìrì fólítì 1.5 méjì. Tí mo bá gbé ọkọ̀ sókè, táyà á máa yí fìrìfìrì. Tó bá ti kanlẹ̀, ó dúró gbagidi nìyẹn. Mo fi bátìrì fólítì 9 sí i, mọ́tọ̀ gbóná janjan. Ìyẹn ò dáa fọ́mọdé rárá.

Mo ti wá rí i pé eré ni mọ́tọ̀ yìí ní, kò lágbára. Ó yẹ kí wíìlì kékeré máa yí ńlá, kí eré dínkù, kí agbára pọ̀ sí i: yálà ká fi rọ́bà so wọ́n pọ̀, tàbí ká lo jíà, ìyẹn wíìlì eléyín tí eyín wọn ń wọnú ara wọn. Mo ro ti balúùnù náà: afẹ́fẹ́ á jáde sẹ́yìn, ọkọ̀ á lọ síwájú, òfin kẹta Newton gan-an nìyẹn. Àmọ́ mo fẹ́ kí wọ́n so wáyà fúnra wọn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí: rọ́bà tí wọ́n fi ń di owó ni, àbí jíà oníke, èwo ló máa ń pẹ́ lọ́wọ́ ọmọdé?

Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn. Ẹ ṣeun gan-an o.