Sẹ́ẹ̀tì wa fẹ́ dá owó ìrànwọ́ sílẹ̀ ní Ifẹ̀: báwo la ṣe máa ṣe é tí kò fi ní run?

Ọmọ Kẹ́mísírì: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Àwa tá a jọ ṣe kẹ́mísírì ní Ifẹ̀ ti ń dáwó jọ, ó sì ti ń lọ sí mílíọ̀nù lọ́nà ogún náírà. Ohun tó wà lọ́kàn wa ni kí ojú owó dúró, kí èlé rẹ̀ máa sanwó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ tí òbí rẹ̀ ò rí já jẹ, títí dìgbà tí àwa ò ní sí mọ́. Àwọn kan ní ká kó o fún yunifásítì, ká lọ sinmi. Àwọn kan ní ká gbé e sí fixed deposit fúnra wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là wá lọ́yẹ̀.

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú akitiyan, sà. Mo gba ẹ̀bùn irú ẹ̀ nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́. Ìdílé kan ló dá a sílẹ̀ láyé ìgbà tí náírà ṣì lágbára. Nígbà tó fi máa kàn mí, owó inú àpòòwé ò tó fi ṣe fọ́tòkọ́pì ìwé kan. Kò sẹ́ni tó jí owó o. Iye kan pàtó ni wọ́n kọ sínú ìlànà pé kí wọ́n máa fúnni, kò sì sẹ́ni tó lè yí i padà. Ó dùn mí fún wọn gan-an. Ẹ má kọ iye owó síbẹ̀, ìdá tí wọ́n máa ná ni kẹ́ ẹ kọ.

Àkántà Ìbàdàn: Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ní December 2024, ọ̀wọ́n ọjà tí ìjọba kéde lé ní 34 nínú ọgọ́rùn-ún. Tí báǹkì bá fún yín ní èlé 18, tẹ́ ẹ sì ná gbogbo rẹ̀, mílíọ̀nù ogún náà ni yóò ṣì wà lórí ìwé, àmọ́ ohun tó lè rà ti já wálẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, nǹkan bí 4 sí 5 nínú ọgọ́rùn-ún ni àwọn yunifásítì sábà máa ń ná lọ́dún, èrè yòókù a padà sínú ojú owó. Ẹ pín tiyín sí bọ́ǹdì ìjọba àpapọ̀ (owó tá a yá ìjọba fún ọdún mélòó kan, tí wọ́n ń san èlé lé), treasury bills (irú ẹ̀ tí kì í ju ọdún kan lọ), àti ṣíà díẹ̀, ìyẹn ìpín nínú ilé iṣẹ́. Ọdún méjì àkọ́kọ́, tó bá ṣeé ṣe, ẹ má ná kọ́bọ̀.

Ẹ̀gbọ́n Houston: Àbúrò, ẹ má rò pé owó yín kéré. Oseola McCarty, alágbàfọ̀ ní Mississippi, tí kò ka ìwé mẹ́fà tán, fi 150,000 dọ́là sílẹ̀ fún University of Southern Mississippi lọ́dún 1995. Àwọn míì sì dáwó lé tiẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwa tá a wà lókè òkun fi dọ́là kún un, nítorí ṣáájú June 2023, dọ́là kan ò tó 500 náírà ní báńkì. Nígbà tí 2024 fi máa parí, ó ti lé ní 1,500.

Màmá Bọ́sárì: Ọmọ mi, ẹ ṣe ìwé àdéhùn pẹ̀lú yunifásítì kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Kí àkáǹtì rẹ̀ dá wà. Kí aṣojú yín jókòó nínú ìgbìmọ̀ tó ń yan ọmọ. Kí òǹṣirò-owó yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún, kẹ́ ẹ sì rí èsì rẹ̀. Ẹ tún kọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tí wọ́n bá da ẹ̀ka yín pọ̀ mọ́ òmíì.

Ọmọ Kẹ́mísírì: Ẹ ṣé gan-an, mà. Tí a bá fẹ́ di owó náà mú fúnra wa ńkọ́?

Màmá Bọ́sárì: Ẹ lọ forúkọ sílẹ̀ nígbà náà ní CAC, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Incorporated Trustees, ìyẹn ẹgbẹ́ tí òfin mọ̀, tí àwọn alábòójútó ń di ohun ìní rẹ̀ mú. Ẹ má fi sí àkáǹtì ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ ẹni tẹ́ ẹ fọkàn tán jù lọ.