Fíìmù wo ló tẹ̀ lé yín délé?

Ará Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjókòó. Kì í ṣe fíìmù àgbéléwò tí gbogbo wa ń wò lójoojúmọ́ ni mo fẹ́ ká sọ níbí. Àwọn ti àtijọ́ ni mo ń wá, àti ti ìlú òkèèrè tí wọ́n máa ń kọ ọ̀rọ̀ sí ìsàlẹ̀ wọn, àti àwọn tí ẹni kan dá ṣe láìsí ilé iṣẹ́ ńlá lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ má ro ìtàn rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin fún wa o. Ibi tó ti mú yín gan-an ni kẹ́ ẹ sọ.

Kí n fi tèmi lélẹ̀. Ọ̀kadà ni mo fi ń jẹun kí n tó ní ṣọ́ọ̀bù. Díẹ̀díẹ̀ ni mo ń san owó rẹ̀ fún ẹni tó ni ín, àwọn olè sì gbé e lọ ní Bódìjà kí n tó san án tán. Nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wá gbé Bicycle Thieves dé, tó ní fíìmù Ítálì ni, ọdún 1948, tó sì ní kẹ̀kẹ́ kan tí wọ́n jí ni gbogbo rẹ̀ dá lé, ńṣe ni mo bú sẹ́rìn-ín. Odidi fíìmù nítorí kẹ̀kẹ́?

Ọkùnrin kan wà ní Róòmù, Antonio. Iṣẹ́ lílẹ pósítà bọ́ sí i lọ́wọ́ lẹ́yìn tó ti wáṣẹ́ tì, àmọ́ ẹni tí kò bá ní kẹ̀kẹ́ kò lè ṣe é, kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ sì wà ní dógò. Ìyàwó rẹ̀ kò bá a fa ọ̀rọ̀ gùn. Ó ká aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì wọn, ó di í, wọ́n gbé e lọ fi dógò kí wọ́n lè gba kẹ̀kẹ́ jáde. Ẹ wo òṣìṣẹ́ ibẹ̀ tó gbé ẹrù náà, tó ń gùn lọ sókè láti lọ tò ó, tí aṣọ àwọn ẹlòmíràn sì kún pẹpẹ títí kan àjà. Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu mi. Góòlù ìyàwó mi la tà san gbèsè ọ̀kadà tí olè ti gbé lọ.

Antonio ti kọ́kọ́ fi ìyàwó rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ń lọ sọ́dọ̀ aríran. Nígbà tí wọ́n jí kẹ̀kẹ́ yìí, tó wá a wá a tí kò rí i, òun fúnra rẹ̀ ló tún mú ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ tó wọlé aríran náà. Ta ni yóò bú u? Ìgbẹ̀yìn fíìmù, nígbà tí òun náà gbìyànjú láti jí kẹ̀kẹ́ ẹlòmíràn tí wọ́n sì mú un, mo ṣì lè wò ó. Ohun tí n kò lè wò ni Bruno, ọmọ rẹ̀, tó ṣa fìlà bàbá rẹ̀ nílẹ̀ tó ń gbọn eruku rẹ̀ dànù.

Òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ni Lamberto Maggiorani tó ṣe Antonio, kò ṣe fíìmù rí. Selznick, olówó kan nídìí fíìmù Amẹ́ríkà, fẹ́ náwó lé fíìmù náà bí De Sica tó darí rẹ̀ bá lè lo Cary Grant, gbajúmọ̀ òṣèré Amẹ́ríkà. De Sica kọ̀. Ká ní wọ́n lo Cary Grant, ta ni yóò gbà pé kò lè ra kẹ̀kẹ́ mìíràn?

Ìyá Ìbejì, London

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ kú ọ̀rọ̀ ọ̀kadà yẹn náà, ẹ pẹ̀lẹ́.

Tèmi ni Tokyo Story, ti Yasujiro Ozu ará Jàpáànù, 1953. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ń ṣe níbí, òru ni mo sì sábà máa ń ṣe é. Ọ̀sán ọjọ́ kan tí oorun kọ̀ tí kò wá ni mo wò ó.

Tọkọtaya arúgbó wọ ọkọ̀ ojú irin láti Onomichi wá kí àwọn ọmọ wọn ní Tokyo. Ọmọ kankan kò bú wọn, ọmọ kankan kò fi oúnjẹ dù wọ́n. Dókítà ni àkọ́bí, àwọn aláìsàn kì í jẹ́ kó sinmi. Shige, ọmọ wọn obìnrin, ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ṣe irun. Iṣẹ́ ló wà lọ́wọ́ wọn. Ni wọ́n bá dáwó, wọ́n ní kí àwọn òbí lọ gbafẹ́ níbi omi gbígbóná ní Atami. Ariwo ibẹ̀ kò jẹ́ kí wọ́n sùn. Wọ́n padà dé kí ọjọ́ tó pé, inú Shige kò sì dùn, torí ó ní ìpàdé nílé lálẹ́ ọjọ́ náà.

Oníbàárà kan bi Shige pé ta ni àwọn arúgbó wọ̀nyí. Ó ní ojúlùmọ̀ láti ìgbèríko ni wọ́n. Mo dá fíìmù dúró. “Háà! Ìwọ ọmọ yìí!” Bẹ́ẹ̀ èmi nìkan ló wà nílé.

Màmá mi wá bá mi wo ọmọ nígbà tí mo bí àwọn ìbejì. Mo máa dé láàárọ̀, mo máa sùn; mo máa jí, mo tún ti lọ. Wọ́n á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, wọ́n á ní, “Ṣé ẹnikẹ́ni kì í kí ara wọn ládùúgbò yín ni?” Wọn kò ráhùn. Àwọn òbí inú fíìmù yẹn náà kò ráhùn. Ńṣe ni wọ́n ń sọ fún ara wọn pé àwọn ọmọ àwọn ṣì sàn ju ọmọ ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Nítorí náà, mo mọ̀ pé gbogbo ẹni tó bá wò ó ló máa bú Shige, èmi kò ní bá wọn dá sí i. Ẹni tó ń san owó ilé ní ìlú ńlá yé mi.

Àfi ti aṣọ ọ̀fọ̀. Nígbà tí wàyà dé pé ara ìyá kò yá, Shige àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jọ gbìmọ̀ pé kí àwọn mú aṣọ ọ̀fọ̀ dání. Fún ìyá tó ṣì ń mí! Wọ́n sì sin ìyá tán, wọn ò tíì dìde nídìí oúnjẹ ìsìnkú, ó ti ń dárúkọ kímónò tó fẹ́ mú nínú ẹrù òkú. Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó níbi tí wọ́n ti ń pín ẹrù ìyá, ẹ mọ̀ pé onítọ̀hún kì í wọ́n nínú ilé.

Noriko ló pa mí lẹ́kún. Ìyàwó ọmọ wọn tó kú sógun ni. Ọdún kẹjọ rèé, kò sí ẹ̀jẹ̀ láàárín wọn, òun ló sì gba àyè lẹ́nu iṣẹ́ láti mú wọn kiri ìlú. Bàbá fún un ní aago ìyá, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó lọ fẹ́ ọkọ mìíràn. Bàbá ọkọ ló ń sọ bẹ́ẹ̀ fún opó ọmọ rẹ̀ o!

Àwọn tó mọ̀ nípa kámẹ́rà máa ń sọ pé ìsàlẹ̀ ni Ozu ń gbé tirẹ̀ sí, kó bá ojú ẹni tó jókòó sórí ẹní mu. Ó dà bí ìgbà tí mo jókòó ti ìyá ìyá mi lórí ẹní, tí àwọn àgbà ń sọ̀rọ̀ lórí mi. Bóyá ìyẹn ni kò jẹ́ kí ilé Jàpáànù yẹn ṣàjèjì sí mi.

Ọmọ Agége

Ẹ má bínú sí mi o. Nítorí ariwo tí ẹ ń pa yìí, mo lọ wo Tokyo Story. Mo sùn. Mo jí, wọ́n ṣì jókòó. Ìṣẹ́jú 136, kò sí ẹni tó sáré! Pen Cinema la dàgbà sí, níbi tí sinimá ti kú tí orúkọ rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu kọ́ńdọ́. Fíìmù Ṣáínà àti ti Íńdíà ni bàbá wa ń ròyìn fún wa: ìjà, orin, ẹkún, ẹ̀san. Ẹ fún mi ní èyí tó gbóná.

Ìyá Ìbejì, London

Àbúrò, kọ́kọ́ lọ pe màmá ẹ lórí fóònù, kó o tó tún un wò.

Ọmọ Àjàṣẹ́

Èyí tó gbóná nìyí, nǹkan bíi wákàtí kan péré sì ni: La Noire de..., ti Ousmane Sembène ará Sẹ̀nẹ̀gàl, 1966. Ẹ má fi han ọmọdé, nítorí ọ̀nà tí ọmọbìnrin inú rẹ̀ gbà kú.

Ní Kútọnu ni mo ti wò ó, níta gbangba, lórí àga rọ́bà. Diouana fi Dakar sílẹ̀ lọ sí Antibes ní Faransé, èrò rẹ̀ ni pé ọmọ lòun ń lọ tọ́jú. Ó dé ibẹ̀, ó di oúnjẹ sísè, abọ́ fífọ̀, ilẹ̀ gbígbá. Ó wọ bàtà gíga ṣiṣẹ́, ìyá ilé ní kó bọ́ ọ. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, inú rẹ̀ ló ti ń sọ ọ́, àwa tá a ń wò nìkan la sì ń gbọ́.

Lẹ́tà ló mú mi. Lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀, ọ̀gá ọkùnrin kà á fún un, ó sì mú gègé, ó ń kọ èsì lórúkọ rẹ̀ láìjẹ́ pé Diouana ti lanu. Mo ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ nílé ìbátan wa kan. Bí màmá mi bá wá wò mí, ìyá ilé ló ń dá wọn lóhùn: “Ara rẹ̀ le, ó ń jẹun dáadáa.” Èmi á dúró síbẹ̀, màá gbé omi àlejò dání.

Diouana ti fún wọn ní ìbòjú onígi kan lẹ́bùn ní Dakar. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, ọ̀gá gbé e padà, òun àti owó. Ìyá rẹ̀ kò gba owó. Ọmọkùnrin kékeré kan wá gbé ìbòjú náà bojú, ó ń tẹ̀ lé òyìnbó yẹn lẹ́sẹ̀lẹ́sẹ̀, òyìnbó ń yára, ọmọ ń tẹ̀ lé e. Ọ̀dọ̀ wa níbi tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti ń jó, irú ìyẹn kì í ṣe eré. Gbogbo wa pariwo. Àwọn àlejò tó wà níwájú yíjú wẹ̀yìn, wọn kò mọ ohun tó ṣe wá.

Bàbá Àgbà, Ìjẹ̀bú

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ ti rìn jìnnà jù. Fíìmù Ayé ti Ògúndé ńkọ́, 1979? Àwọn èèyàn rẹ̀ ló ń gbé fíìmù náà kiri láti ìlú dé ìlú, bí wọ́n ti ń gbé eré orí ìtàgé kiri tẹ́lẹ̀, gbọ̀ngàn ìlú wa la sì ti wò ó. Bí àwọn àjẹ́ ṣe jáde, obìnrin kan lẹ́yìn mi bẹ̀rẹ̀ Sáàmù, ẹni tó jókòó tì í ń pọfọ̀. Ògúndé fúnra rẹ̀ ló ṣe Ọ̀ṣẹ́túrá, babaláwo tó ń bá àwọn àjẹ́ náà jà. Nígbà tó yọ, kò sẹ́ni tó ṣẹ́kù lórí àga. Ìdajì eré wà lọ́dọ̀ àwa tá a wá wòran. Ẹ̀yin ń dá wo tiyín nínú fóònù.

Oníná, Ṣómólú

Bàbá, ẹ ṣeun. Eyimofe ni tèmi, 2020, ti Arie àti Chuko Esiri, ìbejì ni wọ́n. Èkó ni wọ́n ti yà á. Mofe inú rẹ̀ jẹ́ oníná ní ilé ìtẹ̀wé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Ṣómólú mọ̀ pé àárín àwọn onítẹ̀wé la wà, nítorí náà iṣẹ́ mi gan-an ni mo ń wò. Nígbà tí wọ́n ṣí àpótí wáyà ibẹ̀, ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi.

Àmọ́ èéfín jẹnẹrétọ̀ pa arábìnrin rẹ̀ àtàwọn ọmọ lójú oorun. Wọn kò fi ariwo sí i, wọn kò fi orin arò sí i. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo gbé jẹnẹrétọ̀ tí aládùúgbò mi ń tàn sí kọ́rídọ̀ jáde síta. Ó bá mi jà títí ilẹ̀ fi mọ́. Kó máa bínú lọ.

Spéènì àti Ítálì ni wọ́n fi sọ apá méjèèjì fíìmù náà lórúkọ, torí ibẹ̀ ni Mofe àti Rosa, obìnrin tí apá kejì dá lé, fẹ́ lọ, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ wọn kò kúrò l'Ékòó. Ìyàwó mi ní wọ́n rẹ́ òun jẹ, òun ń retí pápá ọkọ̀ òfuurufú. Mo ní ìyẹn gan-an ni wọ́n fẹ́ kó o máa retí. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán láàárín wa.

Ọmọ Agége

Mo ti pe màmá mi o, Àǹtí. Wọ́n ní kí n fi owó ránṣẹ́. Ta ló ní ti Diouana tó lè fún mi?