Ṣé òótọ́ ni pé hemp lè gbé mọ́tò rìn?

Adé: Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ẹ́ńjìnnì, wọ́n ní hemp, ẹ̀yà igbó tí kì í pa èèyàn yẹn, ṣeé fi ṣe epo mọ́tò, ṣé kì í ṣe àsọdùn? Ṣé wọ́n kàn máa ń rọ ọ́ sí táńkì ni?

Báyọ̀: Òótọ́ ni o. Kóró ẹ̀ ni wọ́n ń fún, epo inú ẹ̀ tó bí ìdá kan nínú mẹ́ta, àmọ́ má rọ ọ́ sí táńkì bẹ́ẹ̀ o, ó ki jù. Wọ́n á pò ó mọ́ methanol (irú ọtí olóró kan tí kò ṣeé mu) àti kọ́sítíìkì díẹ̀, tó bá silẹ̀ tán gílísíríìnì á wà nísàlẹ̀, èyí tó léfòó ni báyòdísù, ìyẹn dísù tí wọ́n fi epo ohun ọ̀gbìn ṣe. Ẹ́ńjìnnì dísù nìkan ló wà fún ṣá.

Ìyá Ìbejì: Báyọ̀ ti sọ ọ́ re, àmọ́ igi ẹ̀ náà wúlò, wọ́n lè sọ ọ́ di ẹtánọ́ọ̀lù, irú ọtí tó ń jó tí wọ́n ń lú mọ́ bẹntiróò, wàhálà ẹ̀ ló pọ̀.

Káyọ̀dé: Ní 2010, yunifásítì Connecticut l'Amẹ́ríkà rí 97% epo hemp sọ di báyòdísù. Ó dáa, àmọ́ ọ̀pẹ ń mú epo jáde jù ú lọ fíìfíì lórí ilẹ̀ kan náà. Lójú tèmi, kóró yẹn wúlò fún jíjẹ jù.