Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí pátákó oníná onítáyà kan

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìjẹ̀bú-Òde ni mo wà. Ẹ̀gbọ́n mi fi Onewheel ránṣẹ́ sí mi láti Amẹ́ríkà, pátákó oníná téèyàn ń dúró lé lórí gùn, tí táyà ńlá kan ṣoṣo wà láàárín rẹ̀. Téèyàn bá tẹ̀ síwájú, á sáré; tó bá fara sẹ́yìn, á rọra dúró. Àmọ́ bí mótò inú ẹ̀ bá ti lo agbára dópin, imú, ìyẹn orí pátákó náà níwájú, ló máa fi gúnlẹ̀. Ó máa ń gbé imú sókè láti kìlọ̀ ṣáájú, ṣùgbọ́n lórí títì wa yìí, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ bóyá ìkìlọ̀ ni àbí kòtò?

Mo ti ní akoto ọlọ́kadà tó bo àgbọ̀n. Ooru inú ẹ̀ lọ́sàn-án ní Fọlágbadé, ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí, ẹ má dá a sọ! Mi ò ní bọ́ ọ ṣá. Ọrùn ọwọ́ ló kù, torí ọwọ́ lèèyàn fi ń gbalẹ̀ tó bá ń ṣubú. Níbo ni wọ́n ti ń ta ìbọ̀wọ́ tó ní ike líle látẹ́lẹwọ́, ní Ìjẹ̀bú tàbí Ṣàgámù?

Àwọn kan máa ń de táyà kéékèèké méjì mọ́ abẹ́ imú rẹ̀, kó lè yí dípò kó gúnlẹ̀. Ṣé wẹ́dà lè bá mi ṣe é láìba wáyà inú ẹ̀ jẹ́? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gùn ún rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn.