Páálí tí a dì fún ọmọ tó wà lókè òkun: kí lẹ kó sínú tiyín?

Ìyá Sójà, Houston

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Ó pẹ́ tí mo ti ṣèlérí pé màá sọ ti àwọn páálí tí mo dì fún ọmọ mi, tó jẹ́ sójà Amẹ́ríkà, nígbà tó wà ní Kùwéìtì. Mo kàn ń sún un síwájú ni, torí ìtìjú díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Alẹ́ òní mi ò sí lẹ́nu iṣẹ́, ẹ jẹ́ kí n wí tèmi, kí olúkúlùkù wá wí tirẹ̀.

Ní 2018 ni wọ́n gbé e lọ sí Camp Arifjan, àgọ́ ológun Amẹ́ríkà ní Kùwéìtì. Oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n ní yóò lò. Kí ó tó lọ, ó kọ àdírẹ́sì sílẹ̀ fún mi: orúkọ rẹ̀, orúkọ ẹgbẹ́ ológun rẹ̀, APO, AE, àti nọ́ńbà. Mo wò ó, mo tún un wò, mi ò rí orúkọ ìlú kankan. Mo ní, "Kùwéìtì dà níbẹ̀?" Ó ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ Kùwéìtì sí i o. Tí ẹ bá kọ ọ́, ó lè ya gba ọ̀dọ̀ àwọn tó ń pín lẹ́tà nílùú Kùwéìtì, kò ní dé ọ̀dọ̀ mi." Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé iléeṣẹ́ ológun ní ọ̀nà lẹ́tà tirẹ̀, APO sì ni wọ́n ń pe ilé ìfìwéránṣẹ́ wọn. AE ni wọ́n ń kọ fún àwọn tó wà ní Yúróòpù, Áfíríkà àti ìhà Lárúbáwá. Owó ìfìwéránṣẹ́ ti inú Amẹ́ríkà níbí náà ni màá san dé ọ̀hún. Mo yọ̀ bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́.

Páálí ńlá kan tún wà ní ilé ìfìwéránṣẹ́ tí wọn kì í fi ìwúwo gba owó rẹ̀. Ohun yòówù tó bá ti wọ inú rẹ̀, tí ojú rẹ̀ sì pa dé, tí kò bá ti ju 70 pọ́n lọ, owó kan náà ni. Àwọn òyìnbó ń kó bisikíìtì àti gúgúrú sí i. Èmi jókòó, mo rò ó: kí ló wúwo tó gàrí? Ẹni tó dá ọgbọ́n páálí yẹn, àwa ló ṣe é fún, kò kàn mọ̀ ni.

Àmọ́ gàrí kọ́ ni mo kọ́kọ́ fi ránṣẹ́. Àwọn ìyá sójà tí a jọ wà níbí fún mi ní ìwé kan tí wọ́n to nǹkan sí: ọṣẹ, ọṣẹ ìfọyín, ìbọ̀sẹ̀, tíṣù olómi tí wọ́n fi ń nu ọmọ, ṣokoléètì. Mo rà á bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Ọmọ pè mí lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì, ó dúpẹ́ dáadáa, àmọ́ ìyá mọ ohùn ọmọ rẹ̀. Mo ní kí ó sọ òótọ́. Ó ní, "Mọ́mì, ṣọ́ọ̀bù wà nínú àgọ́ wa, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ṣokoléètì yẹn, ṣíbí la fi bù ú." Oṣù keje ni. Oòrùn Kùwéìtì lóṣù keje kì í ṣe oòrùn tí èèyàn ń bá ṣeré.

Páálí kejì ni mo ti wá fi ọwọ́ ara mi ṣe é. Mo dín chin-chin, mo ra èlùbọ́, mo fi òrí sínú ike fún ẹsẹ̀ rẹ̀ tó máa ń là, mo kọ lẹ́tà ojú ìwé mẹ́ta. Ẹ wò mí ní ilé ìfìwéránṣẹ́: ọ̀rá èlùbọ́ mẹ́rin, mo so wọ́n lẹ́nu roboto, àwọ̀ wọn rí bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n. Obìnrin ẹ̀yìn káńtà ní kí n kọ ohun tó wà nínú páálí sí fọ́ọ̀mù kọ́sítọ́ọ̀mù, nǹkan kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú iye tí mo rà á. Mo ṣí i hàn án. Ó wo ọ̀rá, ó wò mí. Bàbá tó tò sẹ́yìn mi rọra fà sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ kan. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé iṣu, bí wọ́n ṣe ń bọ̀ ọ́, bí wọ́n ṣe ń sá a, bí wọ́n ṣe ń lọ̀ ọ́. Mo ṣe é títí mo fi ń fi ọwọ́ ro ọkà lórí káńtà. Ó gbà á níkẹyìn. Láti ọjọ́ náà, inú ọ̀rá tí wọ́n ti tẹ orúkọ rẹ̀ sí lára láti ilé ìtajà ni gbogbo ìyẹ̀fun mi ń wà.

Ibi tí ìtìjú wà rèé. Èlùbọ́ dé, ọmọ ní, "Mọ́mì, ibo ni màá ti rí iná rokà?" Mi ò rò ó rárá! Chin-chin dé, ó ń rùn ọṣẹ, torí ọṣẹ dúdú tí mo fi há ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Òrí yọ́ pátápátá, ó jáde nínú ike, ó mu lẹ́tà mi yó. Ó ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi: bébà náà mọ́ gaara bí ìwé tí wọ́n fi pọ́n àkàrà, ọ̀rọ̀ ojú ìwé kejì ń hàn láti ojú ìwé kìn-ín-ní. Mo kọ "jẹun dáadáa," ó dé orí "bàbá rẹ kí ọ." Ó ní òun kà á bẹ́ẹ̀.

Nígbà náà ni mo tó béèrè ohun tó yẹ kí n ti béèrè lọ́jọ́ àkọ́kọ́: "Kí lo fẹ́?" Gàrí Ìjẹ̀bú ni, èyí tó kan dáadáa, àti ẹ̀pà. Kò wá iná, kò wá ìkòkò. Omi tútù kún inú fíríìjì wọn. Ó ní bí òun bá ti ibi iṣẹ́ wọlé lọ́sàn-án, òun á da gàrí sí ife, òun á fọ̀ ọ́, òun á fi ṣúgà sí i, ara òun á wálẹ̀. Ọmọ Puerto Rico kan tí wọ́n jọ ń sùn nínú yàrá ní kí ló ń jẹ. Ọmọ mi ní ẹ̀gẹ́ ni. Ìyẹn ní ẹ̀gẹ́ kẹ̀, ìyá òun àgbà máa ń sè é nílé! Ó tọ́ ọ wò, ojú rẹ̀ fún pọ̀, ó tún bù ú. Láti orí páálí kẹrin, ọmọ méjì ni mò ń di gàrí fún.

Ẹ jẹ́ kí n yára fi èyí kún un: ẹran ẹlẹ́dẹ̀ àti ọtí ò gbọdọ̀ wọ páálí tó ń lọ sí ọ̀hún. Bíbélì kan fún ẹni tó ni páálí kò burú, àmọ́ ẹgbẹ́ obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa fẹ́ kí n ki ogún sí i kí ó máa pín in kiri. Mo ní ẹ má kó mi sí wàhálà, ẹ máa gbàdúrà láti ibí.

Èdè Ló Mú Mi Wọṣẹ́, New Jersey

Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá wa. Mo rẹ́rìn-ín títí ìyàwó mi fi jí. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́ mà, ìwé tí àwọn ìyá sójà fún yín yẹn kò parọ́, ibi tí ọmọ yín wà ni kò bá a mu. Ìlú ńlá ni Arifjan. Ibi tèmi, orí òkè kékeré kan ni ní Kandahar, ní Afghanistan, ní 2011, a ò ju bí ogójì lọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí mo ṣe débẹ̀. Ètò kan wà nígbà náà tí wọ́n ń pè ní MAVNI, wọ́n fọwọ́ sí i ní 2008, láti fi gba àwọn àlejò tó wọlé lọ́nà òfin àmọ́ tí kò tíì ní green card, bí wọ́n bá gbọ́ èdè tí ológun ń wá. Yorùbá wà lára àwọn èdè náà, Haúsá àti Ìgbò pẹ̀lú. Bí mo ṣe fi èdè ìyá mi wọṣẹ́ nìyẹn, wọ́n bá gbé mi lọ síbi tí ẹyọ ẹnì kan ò ti gbọ́ ọ.

Kò sí ṣọ́ọ̀bù. Hẹlikọ́pítà ló ń gbé lẹ́tà wá, bí ojú ọjọ́ bá gbà fún un. Tíṣù olómi tí ẹ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ yẹn la fi ń wẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Èmi ń ti ojú lọ sí ọrùn, láti ọrùn lọ sí abẹ́ apá, ẹsẹ̀ ló ń kẹ́yìn, gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú tíṣù mẹ́rin. Bí ẹnì kan bá gba páálí tí ìbọ̀sẹ̀ tuntun wà nínú rẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ á pọ̀ lọ́jọ́ náà.

Oúnjẹ wa, inú ọ̀rá ni gbogbo rẹ̀ ti ń jáde, kò sì lẹ́nu. Ìyá mi gún ata n'Ìbàdàn, ó fi rán ẹni tó ń bọ̀ sí ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní New Jersey, ẹ̀gbọ́n mi wá fi ránṣẹ́ sí mi. Ìgò kékeré báyìí, bí ìgò oògùn ojú. Mo ń fi orí ọ̀bẹ bù ú. Ọ̀gá wa, ọmọ Alabama, tó ní kò sí ata tí òun ò lè jẹ, bu ṣíbí kan. Mi ò ní sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀gá mi níbí.

Ní tèmi, lẹ́tà tí mo fi ń dúpẹ́ kò ná mi ní kọ́bọ̀. Níbi tí sítáǹpù yẹ kó wà, "Free Mail" ni a máa ń fọwọ́ kọ síbẹ̀.

Ọmọ Bárékè Ọ̀jọ́ọ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní àdírẹ́sì, ẹ kú oríire o. Bàbá mi wà nínú àwọn tí Nàìjíríà rán lọ sí Làìbéríà pẹ̀lú ECOMOG, ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kó jọ láti pa iná ogun ibẹ̀. Oṣù kẹjọ 1990 ni àwọn àkọ́kọ́ gúnlẹ̀ sí Monrovia. Bàbá mi lọ ní 1992. Mo wà ní kíláàsì karùn-ún, èmi ni akọ̀wé màmá mi. Màmá á máa sọ, èmi á máa kọ. Bí wọ́n bá ti sọ ohun tó dùn wọ́n, wọ́n á ní, "Má kọ ìyẹn." Mo mọ ọ̀pọ̀ nǹkan tí bàbá mi ò mọ̀.

Ẹnu èèyàn ni pósítọ́fíìsì wa. Ẹ ó máa gbọ́ pé sójà kan wá ìsinmi, ó ń padà lọ lọ́jọ́ báyìí, gbogbo ìyàwó bárékè á dà sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ pẹ̀lú ẹrù. Màmá mi di gàrí sínú àpò ìrọ̀rí, wọ́n fi abẹ́rẹ́ rán ẹnu rẹ̀, wọ́n fi kúlíkúlí sínú agolo mílíìkì. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, àwọn ọmọ ogun Charles Taylor, olórí ọlọ̀tẹ̀, kọlu Monrovia. Kò sẹ́ni tó ń lọ mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó ń bọ̀. Ẹrù yẹn wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Bí a bá ti jí, màmá mi á kọ́kọ́ wò ó kí wọ́n tó tan rédíò. A kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, ebi ì báà máa pa wá.

Lẹ́yìn ọdún Kérésìmesì, ẹnì kan gbé e lọ. Nígbà tí bàbá mi dé ní 1993, màmá mi bi wọ́n bóyá gàrí náà kan tó. Bàbá mi ní gàrí wo? Ó wá di pé inú ikùn ẹlòmíràn ni gàrí wa gbà dé Monrovia. Agolo kúlíkúlí nìkan ló débẹ̀, òfìfo, wọ́n ń fi bu omi. Bàbá mi mọ ẹni náà, wọn ò dárúkọ rẹ̀ títí wọ́n fi kú. Wọ́n kàn ní ebi ojú omi pọ̀.

Aya Sójà, Peckham

Tèmi ò gùn. Àwa níbí, BFPO ni tiwa, ilé ìfìwéránṣẹ́ àwọn ológun Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ọkọ mi wà ní Camp Bastion, àgọ́ àwọn ológun Gẹ̀ẹ́sì ní Afghanistan, ọ̀fẹ́ ni páálí tí kò bá ju kílò méjì lọ. Kílò méjì gééré o! Mo gbé òṣùwọ̀n ilé ìdáná sórí tábìlì, mo ń kó sí i, mo ń yọ. Ìgò ẹ̀pà ló kọ́kọ́ tú mi fó, torí ìgò náà wúwo ju ẹ̀pà inú rẹ̀ lọ. Mo dà á sí ọ̀rá. Ọkọ mi ní ẹ̀pà tí kò sí nínú ìgò kì í ṣe ẹ̀pà. Mo ní kó padà wá jẹ tinú ìgò nílé.

Ìyá Sójà, Houston

Ọmọ Bárékè, ọ̀rọ̀ àpò ìrọ̀rí yẹn mú mi dákẹ́ fúngbà díẹ̀. Ẹ bá mi kí màmá yín bí wọ́n bá ṣì wà.

Ìwọ ọmọ New Jersey, mo ti gbọ́, mi ò ní fi tíṣù ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Ọmọ àbúrò mi obìnrin náà ti wọṣẹ́ yìí, Pólàndì ni wọ́n ń gbé e lọ lóṣù kọkànlá. Lọ́tẹ̀ yìí mo béèrè kí n tó ra ohunkóhun. Ó ní òun ò fẹ́ gàrí, òtútù ni òun ń lọ bá, ara òun ló máa kọ́kọ́ là. Òrí ni mo ń wá báyìí. Níbẹ̀ yẹn, kò ní lè yọ́.